Ìdá 45 péré la ní níbẹ̀: ṣé ká da ìwé wọn pọ̀ mọ́ tiwa?

Akọ̀wé Owó, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ ìyá, ìyẹn èyí tó ń darí ilé-iṣẹ́ mìíràn, wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní ìdá 60 nínú 100 ṣíà ilé-iṣẹ́ gààrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì ní ìdá 45 nínú ti omi inú ọ̀rá ní Ṣágámù. Àdéhùn Ṣágámù fún ìyá láṣẹ láti yan olùdarí 4 nínú 6. Onígààrí ta àpò 300 fún ìyá ní ₦40,000 lẹ́yọ. ₦30,000 ló ná an lórí àpò kan. Ní December 31, àpò 100 ṣì wà ní sítọ́ọ̀ ìyá. June 30 sì ni onígààrí máa ń pa ìwé dé. Báwo la ṣe máa dà á pọ̀?

Oníṣirò Rẹ́mọ
Ẹ má fi ìpín ṣíà nìkan díwọ̀n. Ohun mẹ́ta ni IFRS 10, òfin ìṣirò owó àgbáyé lórí dída ìwé ilé-iṣẹ́ pọ̀, ń wá: ṣé ìyá ló ń darí iṣẹ́ tó ń mówó wọlé, ṣé èrè tàbí àdánù ibẹ̀ ń kàn án, ṣé ó sì lè fi àṣẹ náà yí èrè yẹn padà. Bí ìbò 4 bá tó láti pinnu iye owó omi, ẹ̀rọ tí wọ́n máa rà àti máníjà tí wọ́n máa gbà, ọmọ ni Ṣágámù, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó wà lábẹ́ ìyá, ẹ sì máa da ìwé rẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka àdéhùn náà dópin: bí ó bá ní ìbò 5 ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ìdarí ò sí níbẹ̀, IAS 28, òfin fún ilé-iṣẹ́ tí a ní ìpín nínú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a ò dá nìkan darí, lẹ máa lò.

Tẹ́lẹ̀, òfin méjì ló wà fún èyí: IAS 27 ń wo agbára ìdarí, SIC-12 ń wo ẹni tí ewu wà lọ́rùn ẹ̀. Òdiwọ̀n méjì yìí ni IASB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin ìṣirò owó àgbáyé, sọ di ẹyọ kan nínú IFRS 10 ní May 2011. Ó ṣe pàtàkì, torí ó dí ọ̀nà fífi gbèsè pamọ́ sínú ilé-iṣẹ́ tí wọn ò kà mọ́ra.

Ọ́díítọ̀ Ìjẹ̀bú
Ti gààrí: odindi owó rẹ̀ lẹ máa dà pọ̀, kì í ṣe ìdá 60. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ títà ₦12,000,000 kúrò, ẹ yọ ₦11,000,000 nínú iye owó ọjà tí a tà, kí ẹ sì dín ọjà tó wà nílẹ̀ kù ní ₦1,000,000. Àpò 100 yẹn ò tíì kúrò nínú ẹbí, ìyẹn ìyá àti ọmọ, torí náà èrè ₦10,000 orí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tíì wọlé. Ọmọ ló tà á, nítorí náà ₦400,000 nínú rẹ̀ ń kan àwọn tó ni ìdá 40 yòókù nínú ṣíà onígààrí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á yọ ₦600,000 tó kan ìyá nìkan.

Bí ìyá bá ṣì jẹ onígààrí lówó, ẹ pa gbèsè yẹn rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ wò ó bóyá owó kan ṣì wà lọ́nà báǹkì.

Ní ti ọjọ́, oṣù mẹ́ta ni IFRS 10 gbà pé ó lè fi yàtọ̀ mọ. Oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù. Kí onígààrí ṣe ìwé mìíràn tó dé December 31.

Akọ̀wé Owó, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣeun gan-an. Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́, tí àpò 100 náà bá tà?

Ọ́díítọ̀ Ìjẹ̀bú
Ibẹ̀ ló ń tàn wọ́n jẹ jù. Inú ìwé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan la ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, àtúnṣe ọdún tó kọjá ò sì sí níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yọ ₦600,000 nínú èrè àtẹ̀yìnwá ti ìyá àti ₦400,000 nínú ìpín àwọn ìyókù, kí ẹ wá dín iye owó ọjà tí a tà kù ní ₦1,000,000. Ìgbà yẹn ni èrè náà tó wọlé.