Bí ara ṣe lè le ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láìsan owó jíìmù

Akẹ́kọ̀ọ́ 200L: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n inú ẹgbẹ́ yìí. Àwa mẹ́rin là ń gbé yàrá kan, kò sì sówó jíìmù. Mi ò lè ṣe push-up kan ṣoṣo, ojúgun sì ń dùn mí látìgbà tí mo ti ń sáré lójú títì. Báwo ni kí n ṣe é?

Físíò (oníṣègùn iṣan àti eegun): Ojúgun ná. Títì le, kò sì tíì mọ́ ọ lára. Béèyàn bá ṣàdédé fi kún eré, ibẹ̀ ló máa ń mú. Sinmi títí rírìn ò fi ní dùn ọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, pápá oníkoríko ni kó o lọ: sáré ìṣẹ́jú 1, rìn 2, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ìsinmi wà láàárín. Bí o kò bá lè sọ̀rọ̀ bó o ṣe ń sáré, ó ti pọ̀ jù. Àmọ́ tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń dùn tí o bá fìka tẹ̀ ẹ́, tàbí tó ń ro ọ́ lóru, gba ilé ìwòsàn iléèwé lọ, egungun lè ti fẹ́ sán.

Kóòṣì: Àbúrò, ara ògiri ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ push-up. Tẹ́ ọwọ́ méjèèjì mọ́ ọn ní déédéé àyà, sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, rọra tẹ̀ títí imú á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, kó o ti ara rẹ padà. Tó o bá ti ń ṣe 15 lẹ́ẹ̀mẹta láìgbọ̀n, bọ́ sétí tábìlì, lẹ́yìn náà etí bẹ́ẹ̀dì, kó o tó délẹ̀. Àwọn tó ń kánjú délẹ̀, ìdí wọn á wọlẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ wọn á ṣí bí apá adìẹ, èjìká lá sì jìyà rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ 200L: Ẹ ṣé gan-an, sà. Kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n ń gbé bí irin jíìmù ńkọ́? Wọ́n ní ó ń ba ẹ̀yìn jẹ́.

Kóòṣì: Ẹ̀yìn tó ká ló ń bàjẹ́. Lítà 1 omi, kílò 1 ni. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lítà 5. Fọwọ́ kan ti bẹ́ẹ̀dì, tẹ̀ láti ìbàdí, kí ẹ̀yìn tẹ́ pẹrẹsẹ, fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ìhà, 10 lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta. Pọn ọ́n kún dẹ́nu o! Omi ààbọ̀ máa ń mì, á sì máa fa ọwọ́ káàkiri.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan: Gàrí nìkan ò lè kọ́ iṣan. Fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí kúlíkúlí kún un. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS (àrùn fòníkú-fọ̀ladìde), kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Akẹ́kọ̀ọ́ 200L: Tí ìdánwò bá dé ńkọ́?

Kóòṣì: Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kéèyàn máa fi ṣe eré ìdárayá, ìrìn kánmọ́kánmọ́ lọ sí kíláàsì sì wà nínú rẹ̀. Torí náà, lásìkò ìdánwò, máa fẹsẹ̀ rìn, má wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Push-up àti kẹ́ẹ̀gì, ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó.