Ta ló ni ẹjọ́? Èsì sí "aṣẹ̀pinnu-ẹjọ́"

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí i yín o.

Mo ti ń pa á mọ́ra láti ọjọ́ Àìkú, tí àbúrò wa kan ti ní "aṣẹ̀pinnu-ẹjọ́" ni ká máa pe ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ẹjọ́ kóòtù, pé agbẹjọ́rò sì lẹni náà. Ó ní "oníbàárà" kàn ń sanwó ni. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé pélébé tí wọ́n máa pín fáwọn tó ní ẹjọ́ nílẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin ti yìn ín. Èmi ò lè yìn ín: ẹlẹ́jọ́, ẹni tó ni ẹjọ́, ni mo ní àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí àmì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìpinnu, aṣèpinnu ni. Kí ni àmì ń wá lábẹ́ "e" yẹn? Ṣẹ̀ nìyẹn, ti ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹyọ àmì kan ṣoṣo ni àbúrò fi sọ gbogbo lọ́yà ilẹ̀ yìí di arúfin. (Mo mọ àwọn tó máa ní kò purọ́. Ẹ má fi èmi sí i.)

Èyí tó dùn mí jù ni pé ó kọ "agbẹ́jọ́rò", ó gbé ohùn òkè lé gbẹ. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní gbọ́ ló wà níbẹ̀: ẹni tó gbọ́ ẹjọ́, tó rò ó lọ́kàn, tó wá pinnu. Háà! Gbọ́ ẹjọ́ ló ń di gbẹ́jọ́, òun la fi ṣẹ̀dá ìgbẹ́jọ́, iṣẹ́ adájọ́ sì nìyẹn. Gbà ló wà nínú agbẹjọ́rò. Gba ẹjọ́, gbẹjọ́, ohùn àárín. Ó gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́jọ́, ó ń bá a rò ó. Rò yẹn náà kì í ṣe ti inú ọkàn, ti "ó lọ rojọ́ fún bàbá ẹ̀" ni. Nǹkan téèyàn bá gbà lọ́wọ́ ẹni, ṣé ó ti di tiẹ̀ ni?

Ọdún 22 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ kóòtù ní Òṣogbo níbí, kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé ta ni mí. Mo rántí ìyá aláró kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Lọ́yà ìyá dìde, ó sọ fún kóòtù lédè òyìnbó pé ìhà méjèèjì ti parí ẹ̀, wọ́n á pín ilẹ̀ náà. Mo túmọ̀ ẹ̀ fún ìyá. Ìyá wò mí títí bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, ó ní: "Gbà bá mi rò ni mo wí fún un, n ò ní kó gbà bá mi tà." Mo fi òyìnbó sọ ọ́ fún adájọ́, kò dùn tó ti Yorùbá, síbẹ̀ adájọ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó sún ẹjọ́ síwájú kí wọ́n lọ bára wọn sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn ò mọ mọ́fíìmù (ẹyọ tí wọ́n fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀) kankan, ṣùgbọ́n ó mọ gbà.

Kí àwọn amòfin inú wa má fò mọ́ mi: mo mọ̀ pé òfin ò gùn gbọọrọ bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, agbẹjọ́rò ló ń darí bí ẹjọ́ ṣe máa rìn, ẹlẹ́rìí tó máa pè, ìbéèrè tó máa bi wọ́n. Nínú ẹjọ́ Adewunmi àti Plastex lọ́dún 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tiẹ̀ gbà pé ó lè bá ìhà kejì parí ẹjọ́, bí ẹlẹ́jọ́ ò bá ti kọ́kọ́ ká a lọ́wọ́ kò. Bí kóòtù bá wá fi àdéhùn yẹn ṣe ìdájọ́, ìwé òfin 1999, abala 241, kò jẹ́ kéèyàn pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ẹ̀ láìgba àyè lọ́wọ́ kóòtù. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ìwé pélébé yẹn sọ fún èèyàn pé kó tètè fọhùn, kì í ṣe kó sọ fún un pé kò ní àṣẹ.

Àbúrò ní bẹ́ẹ̀ náà ni ní Amẹ́ríkà. Irọ́ ni. Robert McCoy ní Louisiana ní òun ò pa ẹnikẹ́ni. Lọ́yà ẹ̀ dìde níwájú ìgbìmọ̀ ará ìlú tó ń dá ẹjọ́ lọ́hùn-ún, ó ní ó pa èèyàn mẹ́ta, nítorí ó rò pé wọ́n á torí ẹ̀ dá ẹ̀mí ẹ̀ sí. Wọ́n ò dá a sí, ìdájọ́ ikú ni wọ́n ṣe fún un. Lọ́dún 2018, mẹ́fà nínú adájọ́ mẹ́sàn-án ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ní lọ́yà ò láṣẹ àtigba ẹ̀bi fún ẹni tó ní òun ò jẹ̀bi, kí wọ́n tún ẹjọ́ gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ ti há mi lẹ́nu díẹ̀ ni ẹjọ́ ìjọba, ìyẹn ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba ń pè. Ẹni tí wọ́n jà lólè máa ń pè é ní "ẹjọ́ mi", ẹlẹ́rìí lásán sì ni. Abala 211 nínú ìwé òfin 1999 yẹn fún agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ìpínlẹ̀ láṣẹ láti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dúró kí ìdájọ́ tó wáyé. Ìjọba ni ẹlẹ́jọ́ níbẹ̀. Kò dùn létí, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn ní ká má lo ẹlẹ́jọ́, pé aláròyé ló túmọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n, wẹ́wẹ́ ló ba ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ jẹ́. Àwọn àgbà tó ní "ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀", ṣé aláròyé ni wọ́n ń sọ? Oní ló wà nínú ẹlẹ́jọ́, bó ṣe wà nínú onílé. Èyí tí ẹ sọ pé àwa ará Òṣogbo ò mọ ohùn pè, mo ti gbọ́. A máa sọ ọ́.

Àbúrò, yọ àmì abẹ́ yẹn, sọ gbẹ kalẹ̀, kó o sì fi "ẹlẹ́jọ́" dípò "oníbàárà". Èlùbọ́ ni oníbàárà ń rà lọ́jà. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá yín pín in.