Eré afọkànsókè, ọkọ̀ amòòkùn

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsánlú dábàá pé, lédè wa, kí a máa pe thriller, irú fíìmù tó ń mú ni retí ewu, ní "eré adẹ́rùbani", kí submarine sì jẹ́ "ọkọ̀ abẹ́ omi". Mo ti fẹ́ gbà fún wọn kí a tó wo fíìmù kan nílé wa ní Kàbà lálẹ́ Sátidé, lórí ọkọ̀ ogun tó sá pamọ́ sábẹ́ òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Fíìmù náà já mi kulẹ̀. Gbogbo ohun tí irú eré bẹ́ẹ̀ máa ń ní ló wà níbẹ̀: ọ̀gá ọkọ̀ àti igbákejì rẹ̀ ń du àṣẹ mọ́ra wọn lọ́wọ́, omi ń ya wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn irin mọ́ ọmọkùnrin kan kí àwọn yòókù lè yè. Ìyẹn kò burú. Àlọ́ ìjàpá náà ní ọ̀nà tó ń tọ̀, a sì ń gbọ́ ọ ní àgbọ́túngbọ́. Ohun tó bà á jẹ́ ni ariwo. Ọ̀tá wà lókè orí wọn gan-an, síbẹ̀ ìlù ń dún, ọ̀gá ń jágbe, ẹ̀rọ tí àwọn fúnra wọn fi ń wá ọ̀tá sì ń ta "píìn, píìn" sínú omi. Ọkọ̀ tó bá ń ta irú ìró bẹ́ẹ̀ ti júwe ilé ara rẹ̀. Etí ló yẹ kí ó máa fi ṣọ́ ọ̀tá. Àǹtí mi tó ń rẹ́ ilá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbójú sókè, wọ́n ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí ló ń sá pamọ́?" Wọ́n padà sídìí ilá wọn.

Nígbàkigbà tí bọ́ǹbù bá bú, àyà mi já. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sókè rárá. Bí ìyá bá ń retí ọmọ tó ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀, tí ilẹ̀ ṣú, tí fóònù kò wọlé, ohun tí yóò sọ bí ọmọ bá dé ni pé, "O fọkàn mi sókè." Ohun kankan kò tíì ṣẹlẹ̀, àìmọ̀ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká fi adẹ́rùbani sílẹ̀ fún eré iwin àti òkú tó ń rìn, kí thriller máa jẹ́ eré afọkànsókè. "Afọkàn-ẹni-sókè" ló kún jù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu yóò gé e kúrú.

Ti submarine, "ọkọ̀ amòòkùn" ni mo fara mọ́. Àwọn ọkọ̀ Jámánì ìgbà ogun náà, ojú omi ni wọ́n ti ń rìn jù. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wọn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Bí wọ́n bá rì, bátìrì ni wọ́n ń lò, bí ó bá sì ti ń tán, àfi kí wọ́n yọrí láti gba iná sí i. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Type VII ń sá nǹkan bí 17 nọ́ọ̀tì (ìwọ̀n eré ọkọ̀ omi) lójú omi, kò tó 8 lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó mòòkùn lódò, ta ló ń pè é ní ọmọ abẹ́ omi? Nautilus ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ sómi ní 1954, ni orúkọ Ẹ̀gbọ́n bá mu: agbára átọ́míìkì ló ń lò, ní 1958 ó sì gba abẹ́ yìnyín kọjá ní òpin ayé ti àríwá.

Nínú fíìmù wa, wọ́n lo ọjọ́ méjì lábẹ́ omi, ẹnì kankan kò bèèrè bátìrì, kò bèèrè afẹ́fẹ́. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ọ̀kan nínú wa bá mòòkùn, àwa tó kù létí odò a máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Àríyá ni títí dé ogún. Bí ó bá ti lé ní ọgbọ̀n, ohùn wa á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, a ó sì tẹjú mọ́ omi.

Ẹ̀yin Ọ̀wọ̀rọ̀ tí ẹ wà nítòsí Odò Ọya, kí lẹ̀ ń pe mímòòkùn lọ́dọ̀ yín? Ẹ̀gbọ́n, Yàgbà ńkọ́?