Epoxy alápá méjì kò di páìpù àlùmíníọ̀mù mú

Àyìndé_Ọlọ́mọlanke:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọ̀jẹ̀. Ọmọlanke kékeré kan ni mo ń tún ṣe. Páìpù àlùmíníọ̀mù ni ọwọ́ tí a fi ń tì í, ẹsẹ̀ páìpù náà sì wọ inú ihò irin kan lára férémù, bíi mìlímítà 30. Ibẹ̀ ló ti yọ. Wẹ́dà tí mo gbé e lọ bá ní òun ò lè jó àlùmíníọ̀mù mọ́ irin, pé bó bá tiẹ̀ lẹ̀, kíá ni yóò sán.

Ni mo bá ra epoxy alápá méjì, gọ́ọ̀mù tí a máa ń po apá rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kó lè gan, èyí tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú 5 sí lára. Mo fi àkísà àti pẹtiróòlù nu ojú méjèèjì, mo po rẹ́sínì mọ́ hádínà, ìyẹn apá méjèèjì rẹ̀, mo tiẹ̀ fi hádínà díẹ̀ lé e kó lè tètè gan. Nígbà tó di bíi wákàtí kan, ó ti le gbagidi. Mo gbé ẹrù lé e, kò rìn jìnnà tó fi yọ.

Èyí tó wá rú mi lójú ni pé inú ihò irin ni gbogbo gọ́ọ̀mù náà kù sí. Ara páìpù mọ́ tónítóní, bí ẹni pé nǹkan kan ò kàn án rí. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Kànmí_Ríbẹ́ẹ̀tì:
Ọ̀gá, ẹ fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ẹ lu ihò 2, ẹ fi ríbẹ́ẹ̀tì dè é, ó parí.

Ìyá_Oníkẹ̀kẹ́:
Kànmí, a máa padà sórí ríbẹ́ẹ̀tì rẹ, má tíì kó irinṣẹ́ jáde.

Àyìndé, o ṣeun tí o wo ojú ibi tó já kí o tó béèrè. Kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn ni mo ń tún ṣe, àlùmíníọ̀mù ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù bá ya sí méjì, tí díẹ̀ kù lápá kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé agbára gọ́ọ̀mù ló tán. Bí apá kan bá mọ́ tónítóní bíi tìrẹ yìí, gọ́ọ̀mù ò dì í mú rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Má dá ẹni tó tà á fún ọ lẹ́bi.

Pẹtiróòlù ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó ń ṣí ọ̀rá lóòótọ́, àmọ́ bó bá gbẹ tán, ó máa ń fi epo fẹ́lẹ́ tí ojú ò rí sílẹ̀. Èkejì ni èèpo ara àlùmíníọ̀mù fúnra rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án ni èèpo yẹn ń yọ, èyí tó sì ti pẹ́ nínú òjò àti oòrùn kò ṣe é gbára lé. Ìmúra ojú irin ni iṣẹ́ gan-an. Pípo gọ́ọ̀mù ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọṣẹ àti omi ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà acetone, oje tó ń ṣí ọ̀rá tó sì tètè ń gbẹ, lórí aṣọ funfun. Mo máa ń yí aṣọ náà sí ibi tó mọ́ títí tí kò fi ní dọ̀tí mọ́. Ìgbà náà ni sáńpépà nọ́ńbà 80 tàbí 120 tó kàn. Àwọn tó ń fi sáńpépà ṣíwájú kàn ń ti ọ̀rá wọ inú ìlà tí sáńpépà fà ni. Mo tún máa ń fi acetone nù ún lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó wá kán omi mímọ́ sí i. Bí omi náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti mọ́. Bó bá ṣù jọ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ọ̀rá ṣì wà, padà sídìí acetone. Jẹ́ kó gbẹ, má fi ìka kàn án mọ́, kí o sì lẹ̀ ẹ́ láàárín wákàtí kan. Inú ihò irin náà gbọ́dọ̀ rí sáńpépà, kí gbogbo gọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ sì kúrò.

Hádínà tí o fi lé e ńkọ́? Àwọn tó ń fi pọ́tì dí ara mọ́tò ló kó àṣà yẹn ràn wá. Nínú pọ́tì tiwọn, hádínà kàn ń dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, bó bá sì pọ̀ sí i, á yára. Epoxy ò rí bẹ́ẹ̀. Rẹ́sínì ni ihò bọ́tìnì, hádínà ni bọ́tìnì. Èyí tó bá ṣẹ́kù kò ní ibi tó máa wọ̀, kò sì ní jẹ́ kí gọ́ọ̀mù le tó. Ooru ló ń mú un yára. Bí ooru bá fi dígírì 10 lé sí i, ìyára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 2. Nínú òtútù tó wálẹ̀ ju dígírì 10 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń jókòó ni.

Ìṣẹ́jú 5 tí wọ́n kọ yẹn, àsìkò tí o fi lè ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe àsìkò tó fi ń gba agbára. Fún ohun tó ń gbé ẹrù, èmi kì í lò ó. Ooru àti omi tètè máa ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ra èyí tó lọ́ra, kí o sì fún un ní wákàtí 24 gbáko.

Ó ku ihò náà. Bí ìdí rẹ̀ bá dí, tí rọ́bà ìdìmú sì dí òkè páìpù, afẹ́fẹ́ tó há sínú ni yóò máa ti gọ́ọ̀mù jáde bí o ti ń ti páìpù wọlé. Yọ rọ́bà yẹn ná. Bí páìpù bá sì há jù, etí ihò á ha gọ́ọ̀mù kúrò lára rẹ̀. Àlàfo mìlímítà 0.1 sí 0.25 yí ká ló dára. Mo máa ń wé okùn ìpẹja oní-mìlímítà 0.2 mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀, kí páìpù lè dúró láàárín, kí ó má sì fara kan irin. Bí omi bá wọ ibi tí àwọn méjèèjì ti kanra, àlùmíníọ̀mù ni yóò máa jẹrà. Fi gọ́ọ̀mù kun ojú méjèèjì, kí o máa yí páìpù bó ti ń wọlé.

Bí páìpù rẹ bá jẹ́ mìlímítà 25 ní ìbú, ojú tó ń lẹ̀ á ju mìlímítà onígun mẹ́rin 2,300 lọ. Ojú tó mọ́ lè gbé newton 10, bí ìwúwo kílò 1, lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ju ìwúwo tọ́ọ̀nù 2 lọ, bí wọ́n bá ń fà á gbọọrọ. Bí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí èèyàn ṣe ń tẹ ọwọ́ ọmọlanke, etí kan ṣoṣo ni gbogbo agbára yẹn ń dojú kọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Kànmí, ibi tí ríbẹ́ẹ̀tì rẹ ti wúlò nìyẹn: ọ̀kan péré, kí gọ́ọ̀mù tó gan. Ríbẹ́ẹ̀tì nìkan, bí ó bá ti ń mì, ihò rẹ̀ á máa fẹ̀. Ohun tí èèyàn bá máa jókòó lé, èmi kì í fi gọ́ọ̀mù nìkan dá a dúró.

Wọ ìbọ̀wọ́ nitrile, ìyẹn irú rọ́bà kan. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ hádínà, ó máa ń ṣòro kó tó tún gbà á. Bó bá kàn ọ́, ọṣẹ àti omi ni, má fi acetone fọ ọwọ́.

Kànmí_Ríbẹ́ẹ̀tì:
Mo gbọ́, mà. Bí a bá fẹ́ tú u lọ́jọ́ kan ńkọ́? Ríbẹ́ẹ̀tì, dírílù á gé e.

Ìyá_Oníkẹ̀kẹ́:
Ooru náà ni. Ọ̀pọ̀ èyí tó gan láìsí iná máa ń rọ̀ láti bíi dígírì 60 lọ sókè, ṣùgbọ́n kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá, gbé e kọjá 150. Yí páìpù náà nígbà tó ṣì gbóná. Ìta gbangba ni kí o ti ṣe é, èéfín rẹ̀ ò dára.

Àyìndé_Ọlọ́mọlanke:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo rí èyí tó lọ́ra kan nílé, àmọ́ rẹ́sínì rẹ̀ ti funfun, ó ti ṣe wóróhóró nínú ìgò. Ṣé kí n dà á nù?

Ìyá_Oníkẹ̀kẹ́:
Má dà á nù. Òtútù ló mú un. Dé e pa, gbé e sínú omi gbígbóná bíi dígírì 50 títí yóò fi mọ́ gaara. Hóró kan ò gbọdọ̀ kù, torí òun ni yóò tún kó àwọn yòókù jọ. Jẹ́ kó tutù kí o tó pò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gan mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú ife. Po díẹ̀ sórí àjákù irin ná. Bí èékánná bá ṣì ń wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, ra òmíràn.