Fláíwíìlì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kọ̀, kò fẹ́ jáde

Atukọ̀55:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Johnson 5.5 hp ti àwọn ọdún 1950 ló wà nílẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀ kò tanná rárá, mo sì fẹ́ dé ibi tí kọ́ǹtáàtì àti kọ́ìlì, àwọn ohun tó ń mú iná wá fún púlọ́ọ̀gì, wà lábẹ́ fláíwíìlì, ìyẹn àgbá irin tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì. Mo ti tú nọ́ọ̀tì àárín, mo ti da ọ́ìlì atúpẹtà sí i, síbẹ̀ kò mira. Ẹnì kan ní kí n fi púlà (irin ìfàyọ) ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ etí rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí n fi hámà lu orí kíráǹkì, ọ̀pá tí fláíwíìlì jókòó lé. Èwo ni kí n ṣe?

BàbáMágínẹ́ẹ̀tì:
Ẹ má ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Etí fláíwíìlì kò lágbára tó láti gba irú fífà bẹ́ẹ̀. Yóò wọ́, yóò máa ha kọ́ìlì bó bá ti ń yí, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ sì lè sán. Ní ti hámà, bí ẹ bá lu orí kíráǹkì ní ìhòòhò, eyín rẹ̀ yóò fẹ̀ bí orí olú, nọ́ọ̀tì kò sì ní wọlé mọ́. Ìlù yẹn tún ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá bẹ́árìn.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì, ẹ óò rí ihò mẹ́ta tó ní eyín nínú. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣe fún fífà. Púlà tó yẹ ni èyí tó jẹ́ irin pẹlẹbẹ, tó ní bóòtù mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti bóòtù ńlá kan láàárín, irú èyí tí wọ́n fi ń yọ ìdarí mọ́tò. Ìwọ̀n íǹṣì ni eyín àwọn ihò náà, kì í ṣe mìlímítà. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán yí bóòtù wọ̀ ọ́. Bó bá ń há, ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bóòtù líle ni kẹ́ ẹ lò, nítorí èyí tó rọ̀ yóò ya eyín ihò.

Ẹ tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì kúrò kí ẹ́ńjìnnì má baà ta yín. Ẹ dá nọ́ọ̀tì padà, kí orí rẹ̀ àti orí kíráǹkì dọ́gba, kí àlàfo sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì yẹn ló ń dáàbò bo eyín, òun náà ni kò ní jẹ́ kí fláíwíìlì fò jáde. Bóòtù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wọlé ní ìwọ̀n kan náà, ó kéré tán tó fífẹ̀ bóòtù fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ yọ sí ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́ìlì ni bóòtù gígùn ti lu jẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣe é mọ̀. Ẹ wá fún bóòtù àárín dáadáa, kẹ́ ẹ fi hámà kan orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kíkàn tó dún gan-an. Bí kò bá jáde, ẹ fún un díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ tún kàn án. Yóò ró gbàù nígbà tó bá já.

Sípánà_Òkun:
Òótọ́ ni ọ̀gá sọ. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi púlà sílẹ̀ lórí rẹ̀ ní fífún títí di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná yá àárín fláíwíìlì, yípo ibi tí nọ́ọ̀tì wà, kì í ṣe etí. Iná gáàsì kò yẹ níbẹ̀: epo ń bẹ nítòsí, ooru tó pọ̀ jù sì ń dín agbára mágínẹ́ẹ̀tì kù, ó ń yọ́ kọ́ìlì. Ẹ fi bẹ́líìtì dì í mú. Ẹ má ki irin bọ ihò rẹ̀ láti dá a dúró. Ẹ má sì fi okùn sínú sílíńdà láti dá písítìnì dúró, ó lè há sí ihò ẹ̀gbẹ́ sílíńdà.

Fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní ihò mẹ́ta, ẹnì kan lè gbé fláíwíìlì sókè díẹ̀ kí ẹnì kejì fi idẹ lé nọ́ọ̀tì kó kàn án. Èyí tí ẹ ní ní ihò, ẹ má dán an wò.

Atukọ̀55:
Ó ti jáde! Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n kíì, irin kékeré tó wà láàárín kíráǹkì àti fláíwíìlì, ti jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣé kí n dá a padà? Ṣé kí n fi gíríìsì sí kíráǹkì kó lè rọrùn lọ́jọ́ mìíràn?

BàbáMágínẹ́ẹ̀tì:
Gíríìsì kẹ̀? Rárá o. Bí orí kíráǹkì ṣe ń tín-ín-rín lọ sókè, tó sì bá inú fláíwíìlì mu pinpin, ìyẹn ló ń gbá a mú. Iṣẹ́ kíì kò ju kí iná tàn lákòókò tó yẹ lọ. Bí gíríìsì tàbí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, fláíwíìlì yóò yọ̀, yóò gé kíì, ẹ́ńjìnnì á sì máa ta padà tàbí kó kọ̀ láti tanná. Ẹ fi aṣọ àti ọtí spírítì nù ún ní ìhà méjèèjì títí yóò fi gbẹ, kẹ́ ẹ fi kíì tuntun sí i.

Ẹ ṣí kọ́ǹtáàtì sí 0.020 íǹṣì nígbà tó bá là jù. Kọ́ìlì tí ara rẹ̀ ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí iná ń gba ojú ọgbẹ́ yẹn sálọ. Kí ẹsẹ̀ kọ́ìlì dọ́gba pẹ̀lú ojú irin tí wọ́n gbẹ́ fún un lórí àwo tó gbé e dúró, kí ó má yọ síta. Ẹ yẹ mágínẹ́ẹ̀tì wò bóyá ó ti fa ìṣó tàbí wáṣà mọ́ra. Ẹ fún nọ́ọ̀tì le dé 40 sí 45 foot-pound (ìwọ̀n agbára fífún), kẹ́ ẹ wá fi ọwọ́ yí i kí púlọ́ọ̀gì tó wọlé. Bó bá ń ha, ẹ tún un yọ, ẹsẹ̀ kọ́ìlì kan ló yọ síta.