Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: àwo orin Utada Hikaru, olórin ará Japan, wo ni kí n rà lónìí?

Ayọ̀ní_Tókyò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ń fẹ̀yìn tì, alẹ́ òní la máa dágbére fún wọn. Wọ́n fẹ́ràn Utada Hikaru, pàápàá àwọn orin ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀. CD wo ni kí n rà?

Ìyá_Ìbejì: First Love ni! Oṣù Kẹta 1999 ló jáde, ọmọ ọdún 16 ni Utada nígbà yẹn, òun ló sì kọ àwọn orin náà. Ó tà ju mílíọ̀nù 7 lọ ní Japan. Àwo kankan ò tíì tà tó o níbẹ̀.

Àrẹ̀mú: Ẹ̀gbọ́n, ohun tí kò fi yẹ kó rà á gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́njú ní Japan lọ́dún náà ti ní in nílé. Distance ni kó rà, ti 2001. Ọjọ́ kan náà, 28 oṣù Kẹta, lòun àti A BEST, àwo Ayumi Hamasaki, olórin Japan mìíràn, jọ dé ọjà, síbẹ̀ Distance tà tó mílíọ̀nù 3 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Bùkọ́lá_Ọ̀sákà: Má ra àlòkù o! Ẹnì kan ta First Love fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kò ní àbùkù kankan. Mo ṣí i, sítíkà ilé tó ń fi CD yáni ṣì wà lára rẹ̀, ìwé inú rẹ̀ ti ya. Orin kẹrin, First Love gan-an, ńṣe ló ń fò. Wọn ò dá owó mi padà.

Dúró_Sinmi: Háà! Ṣé obi rẹ̀ wà níbẹ̀, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń fi dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́?

Bùkọ́lá_Ọ̀sákà: Obi kẹ̀? Páálí gan-an ti là.

Àrẹ̀mú: Ẹ má dẹ́rù bà á. Kó lọ sí Book Off, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àlòkù, kó fojú ara rẹ̀ wò ó.

Bùkọ́lá_Ọ̀sákà: Ojú lásán ò lè rí gbogbo ìlà tó wà lára CD. Títún ni kó rà.

Fẹ́mi_Géèmù: Orin Hikari lèmi fẹ́ràn jù, ti 2002, tó wà nínú Kingdom Hearts. Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí géèmù náà rà?

Ìyá_Ìbejì: Fẹ́mi, jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn ná.

Bàbá_Olórin: Ẹ ń pe 1999 ní ìbẹ̀rẹ̀! Fuji Keiko, tó kọ enka (orin ìfẹ́ àti ìbànújẹ́ ti Japan) nígbà ayé rẹ̀, ni ìyá Utada, baba rẹ̀ ń ṣe olùdarí orin, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti jọ kọrin tẹ́lẹ̀, U3 ni wọ́n ń jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwo Precious jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, Cubic U lorúkọ tó fi ṣe é. Kò fi bẹ́ẹ̀ tà. Oṣù Kejìlá 1998 tí orin Automatic jáde lédè Japan ni gbogbo ìlú tó dìde. Ẹni tó fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ Utada, Precious ló máa mú inú rẹ̀ dùn.

Àrẹ̀mú: Bàbá, níbo ló ti fẹ́ rí Precious kó tó di alẹ́?

Ayọ̀ní_Tókyò: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ra CD ní Shibuya, nínú Tókyò níbí. Automatic / time will tell ni, CD kékeré ti sẹ̀ǹtímítà 8, inú páálí gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀gá máa ń kọ time will tell lábẹ́lẹ̀ tíṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Bùkọ́lá_Ọ̀sákà: Ṣó o ṣí i wò kó o tó sanwó?

Ayọ̀ní_Tókyò: Mo ṣí i, ẹ̀gbọ́n. Ó mọ́ tónítóní.

Ìyá_Ìbejì: Wọn ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù. Padà lọ fi First Love kún un.