Ọmọ ti gba họ́lidé, ilé ti di gáréèjì: kí lẹ fi ń mú tiyín jókòó?

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Láti Jímọ̀ ni wọ́n ti fún àwọn ọmọ ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, etí mi ò sì sinmi láti ìgbà náà. Mẹ́rin ni wọ́n: ìbejì ọmọ ọdún 8, ẹ̀gbọ́n wọn ọmọ ọdún 11, ọmọ àbúrò mi náà tún ti Ṣakí dé. Iná kì í sí lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ má ní kí n tan tẹlifíṣọ̀n. Mi ò sì lówó ibi tí wọ́n ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe rí ni mo fẹ́ gbọ́ o, kì í ṣe èyí tí ẹ rí lórí fóònù.

Bàbá Ọ̀ta:
Ayò.

Ọmọ Òkè Ìlewó:
Ẹ kó wọn lọ gun Olúmọ. Àtẹ̀gùn yẹn á gba gbogbo wàhálà ara wọn.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Ẹ̀gbọ́n, mo ní mi ò lówó tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni márùn-ún, ọkọ̀ láti Mọ́níyà dé Abẹ́òkúta, ká tún padà? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa san án ni?

Ọmọ Òkè Ìlewó:
Mo ti lọ.

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣejù:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti baba dúdú mi kí ẹ tó jìnnà. Họ́lidé tó kọjá ni mo ní kí èmi àtàwọn ọmọ sè é. A fọ́ àgbọn méjì, a rin ín, a fún wàrà rẹ̀, a da ṣúgà sí i, a gbé e kaná. Ó hó títí, ó kúrò ní funfun, ó pọ́n bí epo, òórùn rẹ̀ gba àdúgbò. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni alájọ kanlẹ̀kùn. Kí n tó kówó fún un, ká tó ṣírò, ká tó bú ara wa díẹ̀, ó ti dúdú ju orúkọ rẹ̀ lọ. Mo ṣáà gé e bẹ́ẹ̀.

Bàbá àwọn ọmọ tibi iṣẹ́ dé, wọ́n ní ẹ mú ọ̀kan wá. Wọ́n gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A gbọ́ "kàú!" Eyín tí dókítà ti bá wọn dí láti ọdún 2016, ohun tó fi dí i ló bá baba dúdú jáde. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wojú wọn, mo sáré wọ kíṣìnì. Ìdí ìkòkò yẹn ò tíì mọ́ dòní.

Àrẹ̀mú:
Ó dúdú ju orúkọ rẹ̀ lọ 😂😂 Ẹ fẹ́ fẹ̀rín pa mí níbi iṣẹ́.

Dókítà Ojú Títì:
Ẹ má purọ́ mọ́ àgbọn. Eyín ọkọ yín ti ń wá ẹni tó máa tì í tẹ́lẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Aláṣejù:
Ẹ máa bọ̀ nílé wa kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ lójú wọn.

Ìyá Alágbọn:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sè é, ẹ gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ife. Ẹ máa kán díẹ̀díẹ̀ sí i. Tó bá ṣì ń tú ká, kò tíì jinná. Tó bá ti dì, tẹ́ ẹ lè fìka ká a róbótó, ẹ má dúró gba àjọ o, ẹ yára sọ̀ ọ́. Ẹ fi òróró díẹ̀ pa àwo tẹ́ ẹ máa dà á sí. Kí àgbà ló máa rò ó o, kí ọmọdé máa wò ó lókèèrè, nítorí ṣúgà tó ń hó burú ju omi gbígbóná lọ: ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ara. Ìgbà tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí wọ́n máa wá ká a. Omi inú àgbọn ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe wàrà.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Omi kẹ̀? Wàrà ni. Omi ò ní adùn kankan.

Ìyá Alágbọn:
Mo tà á fún ọdún mẹ́sàn-án, ìwọ ń kọ́ mi.

Ọmọ Àgbádárìgì:
Ẹ má bínú mà. Wàrà ni ṣá.

Ṣadé Peckham:
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tiwa níbí, òjò sì ń rọ̀. Mo bá kọ́ àwọn ọmọbìnrin mi ní tẹn-tẹn nínú pálọ̀. Ẹ rántí? Orin, àtẹ́wọ́, ẹ jù ú, ẹsẹ̀ bára mu, ọ̀kan jẹ. Kò bára mu, èkejì jẹ. Mo ní kí n fi hàn wọ́n bí a ṣe ń ta á nígbà tiwa. Ọmọ ọdún 43 ni mí. Eré kẹta ni èémí ti fẹ́ bọ́, eré kẹrin ni ará ìsàlẹ̀ wá kanlẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sí ohun tó wó. Èyí kékeré dáhùn pé "Mọ́mì ni."

Àrẹ̀mú:
Mọ́mì ni 😂

Kọ́lá Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọkùnrin, súwé ni kẹ́ ẹ fà sílẹ̀ fún wọn. Ọkùnrin kì í ta tẹn-tẹn.

Àlàbí Ẹlẹ́sẹ̀ Kan:
Ta ló sọ? Kò sí ọmọbìnrin tó lè jẹ mí ní práímárì fáìfù.

Kọ́lá Ògbómọ̀ṣọ́:
Orúkọ yín ti sọ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú:
Èmi ní ká ṣe àdìrẹ. Mo mọ̀ pé ẹlẹ́kọ ò ṣeé ṣe: ta ló máa fi ìyẹ́ adìẹ kọ láfún sáṣọ pẹ̀lú ọmọ ọdún 6? Oníko la ṣe. A fi òwú so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun. Mi ò fẹ́ kí sódà aró débi tí ọmọ wà, ni mo bá se ewé sòbò, a rì í sí i mọ́jú. Ẹ bá mi rí i láàárọ̀! Pupa rẹ́súrẹ́sú, òbìrìkìtì funfun káàkiri. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ajé, mo fọ̀ ọ́. Ó di àwọ̀ eérú. Màmá mi àgbà, tó fi aró tọ́ ọmọ méje, wò ó, wọ́n wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Bàbá Ọ̀ta, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ayò. A ò ní ọpọ́n.

Bàbá Ọ̀ta:
Páálí ẹyin ńkọ́? Èyí tó ń gba 30, ihò mẹ́fà-mẹ́fà ló wà lórí ìlà. Ẹ gé ìlà méjì, ihò 12 nìyẹn. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò. Òkúta tàbí ẹ̀wà, gbogbo rẹ̀ lọ́mọ ayò. Tí èyí tó gbẹ̀yìn bá bọ́ sílé ẹnì kejì, tó sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́.

Kọ́lá Ògbómọ̀ṣọ́:
Ọmọdé ni wọ́n o, sà. Mẹ́rin-mẹ́rin lọmọdé ń jẹ.

Bàbá Ọ̀ta:
Ìwọ ni wọ́n kọ́ ní jẹ́rin, ìdí nìyẹn tí o fi wà báyìí. Ọ̀pẹ.

Kọ́lá Ògbómọ̀ṣọ́:
Ta lẹ̀ ń pè lọ́pẹ? Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Bàbá Ọ̀ta:
Abẹ́ igi máńgòrò. Gbé ọpọ́n ẹ wá.

Àrẹ̀mú:
Ẹ jẹ́ ká dá owó ọkọ̀ fún Kọ́lá.

Ìyá Ìbejì Mọ́níyà:
Ẹ ṣeun o, Bàbá. Mo gé páálí lánàá, mo fún wọn ní ẹ̀wà olóyin. Láti aago mẹ́rin dé ìgbà àdúrà alẹ́, mi ò gbọ́ ariwo. Ọmọ Ṣakí ti jẹ mí lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń pè mí ní ọ̀pẹ nínú ilé mi. Àmọ́ nígbà tí mo kà á láàárọ̀ yìí, ẹ̀wà ti ku 41.

Bàbá Ọ̀ta:
Ẹ yẹ imú Kẹ́hìndé wò.